Abo Ehoro Stiena àti Ìbọn Ọdún Jósẹ́fù Mímọ́

Kò sí ẹni tó ń jẹ ehoro ní abúlé wa tí kò mọ ilé Stiena. Ilé tó wà ní ìkóríta ni, tí ògiri rẹ̀ pọ́n bí oyin, tí àwọn àgò ehoro tò sí orí òrùlé rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Bí ọjọ́ Àìkú bá ti ń sún mọ́lé, àwọn obìnrin á máa kan ilẹ̀kùn. "Stiena, bá mi mú èyí tó lẹ́ran lẹ́yìn o, àna mi ń bọ̀." Stiena á ní kí wọ́n jókòó, á gun àtẹ̀gùn lọ sókè, kì í sì í pẹ́ tó fi ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì tutù. Á gbé ehoro náà sí àyà, á máa fọwọ́ pa á létí, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ tó fẹ́ sùn, títí ara ẹranko náà á fi dẹ̀. Ìgbà náà ni yóò gbá a ní ìpàkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Á so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kọ́ ìṣó ara ògiri, á dúńbú rẹ̀, á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ro, á fi ọ̀bẹ kékeré fa ìlà yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, á wá fa awọ náà wálẹ̀ bí ìyá ṣe ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ tó fẹ́ wẹ̀. Á yọ òróòro kúrò lára ẹ̀dọ̀ láì jẹ́ kó bẹ́. Á fi kíndìnrín sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀. Á sì fi orí sílẹ̀ lọ́rùn, nítorí ní Málítà tiwa níbí, ẹni tó bá ta ehoro tí kò lórí, ológbò ló tà, àfi bó bá lè búra.

Inú ìdílé kan ṣoṣo ni gbogbo ehoro rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní abo dúdú kan lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, ìyá náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Wọ́n dúdú, wọ́n gùn, ẹ̀yìn wọn tẹ́ bí àga, ẹran wọn kì í sì í gbẹ bí wọ́n bá dín in. Bí àlejò bá wò wọ́n, tó ní wọ́n mà rẹwà o, Stiena á dúró, á máa wo ẹnu onítọ̀hún, kó fi "Ọlọ́run bù kún wọn" sí i. Bí kò bá fi sí i, òun fúnra rẹ̀ á yára fi sí i, kí ojú burúkú má baà ráyè wọlé.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí Salvu ọkọ rẹ̀ kú ni àrùn dé. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó gbà wọlé. Ehoro tó jẹun tán lálẹ́, ó ti na tàntàn láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á wà ní imú rẹ̀. Kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún náà, àgò ti dákẹ́ káàkiri abúlé. Stiena kó tirẹ̀ lọ sínú oko, ó sun wọ́n, ó sì padà wálé. Ẹyọ kan ló kù. Adúmáadán ni Stiena ń pe abo náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń dùn ún lásìkò tí àrùn ń jà, Stiena sì ti gbé e wá sínú ilé ìdáná kó lè máa fi òróró ra á. Ohun tó yọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Adúmáadán kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti bímọ, ó ti bímọ. Bóyá ó tún lè bí ẹ̀ẹ̀kan sí i, bóyá kò lè bí mọ́.

Wistin, àbúrò Stiena ọkùnrin tí kò gbéyàwó, ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Wistin ń fẹnu ṣe pọ̀ ju èyí tó ń fọwọ́ ṣe lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sè é," ló wí, bó ṣe ń wo Adúmáadán lábẹ́ tábìlì. "Ẹyọ kan ò lè di agbo."

"Ìwọ ni màá sè."

"Ara mi ti yi. Ẹ ó sè mí títí di Kérésìmesì, mi ò ní rọ̀."

"Nígbà náà, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ, kí o lọ wá akọ wá fún mi."

Wistin kùn, ó kùn, ó gbé kẹ̀kẹ́. Ó lọ títí dé abúlé Mġarr, níbi tí àrùn kò ti fi bẹ́ẹ̀ jà, ó sì gbé akọ eléérú kan bọ̀ nínú agbọ̀n. Dókítà ẹranko fún àwọn méjèèjì lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ ọdún Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ní ìparí oṣù kẹfà, tí gbogbo Málítà ń dín ehoro, tí òórùn aáyù àti wáìnì ń jáde lójú fèrèsé gbogbo ilé, ẹ̀wà ni wọ́n jẹ nílé Stiena. Lẹ́yìn oúnjẹ, Stiena gbé abo lọ bá akọ lórí òrùlé.

Kò mọ̀wé. Àwọn ẹni mímọ́ ló fi ń ka ọjọ́, kì í sì í ṣì í kà. Bí abo bá gba akọ ní ọjọ́ Pétérù àti Pọ́ọ̀lù, ìgbà tí ọjọ́ Ánà Mímọ́ bá kọjá ni yóò bímọ. Bí ọdún Bátólómíù Mímọ́ bá wá dé ní ìparí oṣù kẹjọ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, àwọn ọmọ á ti lajú, wọ́n á ti máa jẹ ewé yánrin, ariwo ò ní lè pa wọ́n lára mọ́. Nítorí ìbọn ọdún ni ọ̀tá abo tó ń bímọ. Tí ẹ̀tù bá bú lójú ọ̀run, abo á rò pé ayé ti parí. Á fo wọ inú ìtẹ́, á tẹ àwọn ọmọ pa. Òmíràn á jẹ wọ́n, kó tó di pé ohun tó ń bú náà jẹ wọ́n. Stiena ka ọjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ohun kan wà tí kò kà.

Abúlé wa ní Bátólómíù Mímọ́, òun ló ni ìjọ. Ó sì tún ní Jósẹ́fù Mímọ́, tí àwọn ará òpópónà ìsàlẹ̀ gbé dìde nígbà ayé àwọn bàbá ńlá wa, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ onífèrè tiwọn sílẹ̀, pẹ̀lú ilé ọtí tiwọn, àsíá tiwọn àti ẹ̀tù tiwọn, tí wọ́n ń yìn ní ọdún rẹ̀ ní ìparí oṣù keje. Ará Bátólómíù ni ìdílé Stiena wọnú egungun. Nínú ilé náà, wọn kì í dárúkọ ọdún kejì yẹn. "Ariwo àwọn ará ibẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá dé, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á gbé àwo makaróní, wọ́n á kọrí sí etí òkun, ó di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀. Ohun tí èèyàn kì í dárúkọ, báwo ni yóò ṣe kà á mọ́ ọjọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ tí Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà rẹ̀ tu láti fi tẹ́ ìtẹ́, Stiena sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, irun dúdú kan lẹ̀ mọ́ apá aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán. Wistin dúró lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, makaróní lẹ máa sè lọ́jọ́ Àìkú yìí ni, àbí ká ra búrẹ́dì dání?"

"Fún kí ni?"

"Etí òkun. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń so àsíá."

Stiena dúró. Ó wo irun tó wà lára aṣọ rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

"Salvu," ló wí, kì í ṣe fún Wistin.

Ní gbogbo ọdún tí òun àti Salvu fi sin ehoro pọ̀, bí ọdún Pétérù àti Pọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, Salvu á gòkè lọ wo akọ, á sì sọ̀ kalẹ̀ wá sọ pé, "Ó ti rẹ akọ. Jẹ́ kó sinmi ná." Lọ́dọọdún. Stiena a tilẹ̀ máa fi akọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ya ọ̀lẹ bí ọkọ òun. Kò rẹ akọ kankan. Ọkùnrin náà ń ka ọjọ́ Jósẹ́fù lábẹ́ ahọ́n, kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé, kó má baà di ìjà.

"Ọjọ́ tí ìbọn wọn máa dún gan-an ni yóò bímọ," Stiena wí. "Inú pápá ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni wọ́n ti ń yìn ín."

Wistin gbọ́ ọ, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí etí òkun."

"Nínú ọkọ̀, nínú oòrùn yìí, tòun ti oyún? Á kú kó tó dé."

"Ká fi bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé."

"Ògiri gan-an ló ń mì, Wistin. Ṣé bẹ́ẹ̀dì lo máa fi dí ògiri?"

Bí ọmọ wọ̀nyí bá kú, ehoro ìyá wọn tán nìyẹn, tí ìyá ìyá wọn ti sìn. Kò sí owó tí èèyàn lè gbé lọ sọ́jà láti fi ra òmíràn, nítorí kò sí níbòmíràn.

Ibì kan ṣoṣo ni Stiena mọ̀ tí ìbọn kì í dé. Ihò ogun ni. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfúrufú ń ju bọ́ǹbù sí erékùṣù yìí, tí Stiena ṣì ń wọ pátá ọmọdé, àwọn ará àdúgbò pawọ́ pọ̀, wọ́n gbẹ́ ihò sínú àpáta, ó jìn, ó sì tutù. Ẹnu ihò náà wà nínú àgbàlá Marinton. Marinton sì ni ìyàwó Nenu, Nenu ni olórí àwọn tó ń po ẹ̀tù Jósẹ́fù Mímọ́.

Stiena àti Marinton ti jọ ṣe ọ̀rẹ́ rí, ọ̀rẹ́ tí iná orí jọ ń jẹ. Ọjọ́ tí Marinton fẹ́ Nenu, tó sì kọjá sí òdìkejì, ni Stiena ti di ẹni tó ń kí i ní ẹnu ọ̀nà ìjọ nìkan, "Ẹ káàárọ̀" bí ẹni ń kí àjòjì.

Ó bọ́ aṣọ àwọ̀sílé, ó wọ bàtà, ó sì lọ.

Àwọn ọkùnrin wà lórí àkàsọ̀ ní òpópónà ìsàlẹ̀, wọ́n ń so àsíá pupa. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọ̀kan fi rí i.

"Stiena, ṣé o ṣìnà ni?"

"Ẹ fa àsíá yẹn sókè díẹ̀," èkejì dá a lóhùn. "Bó bá kan orí ará Bátólómíù pẹ́nrẹ́n, ẹ ò mọ̀ bóyá ó máa yí padà."

"Ẹ di àkàsọ̀ yín mú dáadáa," Stiena wí, kò wòkè. "Ẹni tó bá já bọ́ nínú yín, ibẹ̀ ni mo máa fò ó kọjá."

Marinton ló ṣílẹ̀kùn, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó wo Stiena láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló kú?"

"Kò tíì sí ẹni tó kú," Stiena wí. "Nítorí kí wọ́n má baà kú ni mo ṣe wá."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Nenu jáde láti inú yàrá, ìka méjì ti lọ ní ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó kù ló sì fi ń lọ́ irunmú rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Ṣé kí n sọ fún Jósẹ́fù Mímọ́ pé kó dákẹ́ nítorí ehoro ará Bátólómíù?"

"Jósẹ́fù kì í pariwo," Stiena wí. "Káfíńtà ni, ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu Fadá kankan pé ó yìnbọn rí. Ìwọ ni mo bá wí."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Sọ pé 'kí Jósẹ́fù Mímọ́ kó pẹ́', kí n fún ọ ní kọ́kọ́rọ́."

Ẹnu Stiena wúwo. Ó rí Adúmáadán lójú inú rẹ̀, tó ń fa irun àyà rẹ̀ tu pẹ̀lú gbogbo ìgbàgbọ́, ó ya ẹnu náà kó sọ ọ́.

"Nenu," ni Marinton wí, "lọ bu omi fún àwọn tó wà lórí àkàsọ̀."

"Mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́. Lọ bu omi."

Nenu lọ bu omi. Marinton nu ọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tan àtùpà. Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sínú àpáta, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ara ògiri bí wọ́n ti ń ṣe ní kékeré. Èéfín àtùpà àtijọ́ ṣì dúdú lára òkúta. Ihò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá Stiena ń gbé agbọ̀n rẹ̀ sí nígbà ogun, abo dúdú kan nínú rẹ̀, tó fi ìborùn bò kí àwọn tí ebi ń pa má baà rí i. Ọmọ abo yẹn ni ilé méjèèjì jẹ nígbà tí búrẹ́dì di ohun tí èèyàn ń lá lálàá.

"Itan ni ìyá rẹ máa ń bù fún mi," Marinton wí. "Ó ní mo rù jù."

"Egungun ẹ̀yìn ló sì máa ń bù fún èmi. Mo sunkún títí."

"O ò sì tíì dárí jì mí títí dòní."

"Kì í ṣe nítorí itan."

Marinton gbé àtùpà sókè, ó wo ojú rẹ̀. "Ó rẹwà nígbà yẹn, Stiena."

"Nenu?"

"Ìka rẹ̀ ṣì pé mẹ́wàá."

Stiena kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba imú rẹ̀ jáde.

Wọ́n gbé Adúmáadán wá lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Stiena kò yọ ọ́ nínú àpótí rẹ̀, kò sì pààrọ̀ koríko abẹ́ rẹ̀, kí òórùn tirẹ̀ lè bá a lọ. Wistin di ẹ̀gbẹ́ kan mú, Stiena di ìkejì, aṣọ funfun bò ó. Wọ́n rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ àsíá pupa. Àwọn ará ìsàlẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọdún Bátólómíù ti yá dé o. Ẹ wo ère rẹ̀ tí wọ́n ń gbé bọ̀."

"Ẹ ṣí fìlà," Wistin dá wọn lóhùn. "Ó sàn ju tiyín lọ, èyí ń bímọ."

Láti ìgbà náà, Stiena ń lọ, ó ń bọ̀, omi lọ́wọ́ kan, ewé yánrin lọ́wọ́ kejì. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ ọdún, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, kò sì gòkè mọ́. Ìbọn àkọ́kọ́ dún bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde ní Mísà. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni gbé àpò ìrẹsì sílẹ̀ ní ilé kejì ló ṣe rí. Adúmáadán gbé etí sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń bá koríko tó fi ẹnu gbé lọ.

Lọ́sàn-án, Marinton wá. Ó ti wọ aṣọ sílíìkì rẹ̀, wúrà wà létí rẹ̀, ó sì bo àkàrà onídébínù mọ́ inú àwo.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀. Ó ti wọnú ìtẹ́."

Wọ́n jókòó sórí òkúta ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń jẹ àkàrà. Àtùpà ń jó kékeré. Nínú àpótí, irun dúdú ń gbọ̀n, ó ń dúró, ó ń gbọ̀n. Ọmọ ti ń jáde. Marinton na ọrùn, Stiena fà á lápá sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni Nenu ṣílẹ̀kùn ihò gbayawu. Ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin mélòó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fẹ́ wá wo ehoro tó sá fún ogun. Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé, ariwo sì bá a wọlé, nítorí àkókò yẹn gan-an ni wọ́n yin ọ̀wọ́ ìbọn ńlá ti ọ̀sán, èyí tó ń bú tẹ̀ léra tẹ̀ léra láì mí. Adúmáadán fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu pákó, gbì, gbì. Ó fò jáde nínú ìtẹ́, ó fa ọmọ kan tó ṣì wà lẹ́nu ọmú jáde, ó sì kó sí kọ̀rọ̀ àpótí, ojú rẹ̀ funfun.

"Jáde," Marinton wí.

"Mo kàn fẹ́ wò."

Marinton ti gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tòun ti sílíìkì. Ó fi àwo àkàrà tì í láyà, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́ látinú, ó sì jókòó ti ilẹ̀kùn náà, ó fi ẹ̀yìn dí i. Òkùnkùn padà, ìdákẹ́jẹ́ padà, àfi gbì ẹsẹ̀ abo náà.

Stiena ti mú ọmọ tó jáde. Kò ju ìka àtàǹpàkò lọ, kò nírun, ó tutù bí òkúta ibẹ̀. Ó ṣí àyà aṣọ rẹ̀, ó tì í sí ẹran ara, ó sì fi ọwọ́ bò ó. Kò bá abo náà wí. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá àwọn tó fẹ́ pa sọ̀rọ̀, ohùn kan náà gan-an, àfi pé ìyè ló ń bẹ̀ ẹ́ fún lọ́tẹ̀ yìí.

"Má lọ sọ́dọ̀ wọn tìbínú-tìbínú. Dúró ná. Kò sí ohun tó ń bọ̀ wá síbí. Ìyá ìyá rẹ dúró síbí, bọ́ǹbù gidi ló gbọ́, kò jẹ ọmọ rẹ̀."

Ó pẹ́. Lókè, aago ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Stiena mọ ohun tí aago náà ń sọ, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ gbé ère Jósẹ́fù jáde ní ẹnu ọ̀nà ìjọ. Láti ọjọ́ tí Marinton ti di ará ìsàlẹ̀, kò tíì sí ọdún tí kò sí níwájú nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde.

"Marinton, wọ́n ń gbé e jáde o."

"Mo gbọ́."

"Máa lọ. Mo lè dá wà."

"Bí mo bá ṣílẹ̀kùn yìí, ariwo á wọlé." Kò kúrò níbi tó jókòó. "Ó ti mọ̀ mí. Á mọ̀ pé mo wà níbì kan."

Ìgbà tí aago dákẹ́ ni Adúmáadán fi imú kan etí ìtẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú kan wọlé, ó dúró. Ó fi èkejì wọlé. Kò fò. Ó rọra tẹ̀ sórí wọn bí ẹni ń tẹ aṣọ tuntun, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí.

Nígbà tó jáde wá mu omi, Stiena fi koríko rẹ̀ ra ọwọ́ dáadáa, ó tú irun náà wò. Ọ̀kan ti kú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Méje yòókù ń yí gbirigbiri mọ́ra wọn, ikùn wọn yó. Ìgbà náà ni nǹkan kan gbún un láyà, fẹ́ẹ́rẹ́. Ó fa ọmọ tó wà nínú aṣọ rẹ̀ yọ, ó ti gbóná, ó ti ń wá ọmú. Ó tẹ́ ẹ sí àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mẹ́jọ.

"Wọ́n rẹwà," Marinton sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì yára fi kún un, "Ọlọ́run bù kún wọn."

Lẹ́yìn ìgbà tí àwọn èèyàn ti fún èso àjàrà tán ni àwọn akọ inú wọn tó pa. Marinton ló gòkè wá sórí òrùlé Stiena lọ́jọ́ náà, aṣọ ìdáná mọ́dìí, nítorí abo kékeré kan ti di tirẹ̀, àgò rẹ̀ ti wà nínú àgbàlá níwájú ihò ogun, kò sì fẹ́ kí òun máa sin ẹran tí òun ò lè pa. Stiena gbé akọ kan fún un.

"Gbé e sí àyà. Má dì í bí olè. Bá a sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tó bá wù ọ́. Sọ ti Nenu fún un."

Marinton bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ọkọ rẹ̀ fún ehoro náà ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó rò ó títí, ara ẹranko náà dẹ̀, Stiena sì fi ojú ṣe é fún un pé ó ti tó. Marinton gbá a ní ìpàkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Awọ ya díẹ̀ níbi itan. Òróòro kò bẹ́. Wọ́n ge ẹran náà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú wáìnì pupa àti aáyù mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dín in, wọ́n sì fi orí, àyà àti ẹ̀dọ̀ se ọbẹ̀ tí wọ́n dà sórí sìpàgẹ́tì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ, kí ẹran dídín tó tẹ̀ lé e.

Nílé Marinton ni wọ́n ti jẹ ẹ́, ní òpópónà ìsàlẹ̀. Stiena jókòó lábẹ́ àwòrán Jósẹ́fù, kò wò ó, kò sì yẹra fún un. Marinton mú àwo, ó bu itan, ó sì gbé e síwájú Stiena.

"Kí ẹjọ́ yẹn parí," ló wí.

Lórí òrùlé, ọmọ tó gbóná nínú aṣọ ni Stiena mú sílẹ̀ fún ìbímọ. Òun ló dúdú jù nínú wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń tẹ́. Wistin ń já egungun jẹ, ó béèrè bóyá àwọn máa tún gbé abo fún akọ ní ọjọ́ Pétérù àti Pọ́ọ̀lù lọ́dún tó ń bọ̀.

"Rárá," Stiena wí. "Ó máa ń rẹ akọ lásìkò yẹn." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ sún mọ́ ọn jù."

Nenu fi ìka tó kù lọ́ irunmú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ," ló wí. "Stiena ti ń ka ọdún wa."

"Ìbọn rẹ ni mo ń kà," Stiena dá a lóhùn. "Èmi àti ẹni mímọ́ náà ò ní ìjà." Ó sì na àwo rẹ̀ sí Marinton, kó tún bu ọbẹ̀ sí i.